Gbẹ́rẹ́ Tí A Sín Sẹ́sẹ̀ Sìdí

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹgbẹ́dá. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Múfú tó máa ka ìwé yìí fún yín. Kí wọ́n má fo nǹkan kan o, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo abiyamọ agboolé jókòó gbọ́ ọ.

Bàbá Sìdí ṣì ń bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́. Owó epo rọ̀bì tí ìjọba ń rí kò jẹ́ kí Èkó sinmi. Òjò náà kò dá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọsibítù ni mo wà. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá.

Ẹ rántí oògùn kíndìnrín tí Sìdí ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tí a wá ṣe Iléyá, gbogbo yín ń yọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún rọ̀bọ̀tọ̀. Oògùn yẹn ló fà á. Ẹ wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, ẹ ní ká sín gbẹ́rẹ́ sí i. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí nǹkan kan má gé ọmọ náà lára. Mo mọ̀, mo dákẹ́, kí àwọn ará ilé má baà ní ìwé tí mo kà ni mo fi ń rí àgbà fín. Ẹ̀yin lẹ mú abẹ, èmi ni mo di ẹsẹ̀ mú.

Ọjọ́ kẹrin tí a padà dé, ojú gbẹ́rẹ́ pọ́n. Mo fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti le gbagidi, ó gbóná, awọ rẹ̀ ń dúdú. Ó ń ké pé kí n má tiẹ̀ jẹ́ kí aṣọ kan òun.

Dókítà ní oògùn tó ń mú wíwú lọ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà. Ojú abẹ bíńtín ni kòkòrò gbà wọlé, ẹran abẹ́ awọ sì ń kú. Wọ́n ti gbé e wọ tíátà, wọ́n gé èyí tó kú kúrò. Nọ́ọ̀sì kan bi mí ṣé ẹ̀fọ́ ni ẹsẹ̀ ọmọ tí a fi ń rẹ́ ẹ. Wọ́n ní ta ló sín in. Mo ní èmi ni.

Lọ́la ni wọ́n máa tú báńdéèjì. Bí dúdú yẹn bá ti kọjá orúnkún, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà. Mi ò tíì sọ fún un. Ó ní kí n bi yín ṣé àkùkọ funfun tó máa ń lé òun ṣì wà, pé lọ́tẹ̀ yìí, kò ní lè lé òun bá.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fi àgúnmu kankan ránṣẹ́. Ẹ má sì ní kí n da oògùn nù. Wọ́n ní bí a bá dá a dúró lójijì, ó lè pa á. Àdúrà nìkan ni kẹ́ ẹ bá wa ṣe. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Ẹ má pa àkùkọ náà o.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfátù