Òwú Pupa Mẹ́rìnlá

Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Kàdúná níbí. Mo kí Àwáwù, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àwáwù, má kà á nínú yàrá. Gbé àpótí síta, jókòó sí ojúde, kí o sì kà á sókè kí ará ilé àti ẹni tó ń kọjá lè gbọ́. Ìta gbangba ni mo ti dójú ti Bàbá, ìta gbangba náà ni ó yẹ kí n ti tọrọ àforíjì. Ìdí nìyí tí mo fi fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítáǹbù méjì ni mo ní láti rà dípò ẹyọ kan.

Ara mi le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀. Àwa mẹ́ta la ṣì ń gbé yàrá kan, ṣílè mẹ́wàá mẹ́wàá ni a ń dá lóṣù. Ọ̀kan jẹ́ ará Bídà, èkejì jẹ́ Tífì, Háúsá tí kò yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bí Yorùbá bá wù mí í gbọ́, mo máa ń lọ dúró sí ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá bá dé. Mo máa ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń ka iye ẹrù wọn, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ìyá, ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an nílé iṣẹ́ aṣọ yìí. Wíwò ni iṣẹ́ mi. Aṣọ á máa kọjá níwájú mi lórí tábìlì onígíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá rí ibi tí òwú ti já, tàbí ibi tí méjì ti lọ́ mọ́ra, mo máa so òwú pupa kékeré mọ́ etí aṣọ níbẹ̀, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló ń tún un ṣe. Ọdún kẹta mi nìyí lẹ́nu rẹ̀, ojú mi kò sì mọ bí a ti ń sinmi mọ́.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, mo rí i nínú ọkọ̀ ojú irin pé àsíá aláwọ̀ ewé tí gáàdì ọkọ̀ ń jù ní ìlẹ̀mọ́ kan ní igun rẹ̀, ìlẹ̀mọ́ náà sì ṣú díẹ̀ ju àsíá lọ, òwú funfun ni wọ́n fi gán an. Ní afárá Jẹ́bà, mo rí i pé ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sára irin kò ga ju ibi tí ọwọ́ ènìyàn kan lè dé lọ. Irin tó wà lókè ti dípẹtà bó ti wà. Obìnrin kan jókòó kọjú sí mi tí wọ́n ti lé làálì sí ọwọ́ òsì rẹ̀ tán, tí ti ọ̀tún kò tíì parí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè títí ó fi sùn lọ, ọwọ́ náà kò sì wálẹ̀. Gbogbo èyí ni mo rí. Ẹ rí i pé ojú tó ń rí nǹkan wẹ́wẹ́ ni mo gbé wá sílé.

Mo rí ti ilé náà. Mo rí i pé ògiri búlọ́ọ̀kù ti dìde níbi tí ọgbà pòròpórò wà láàrin wa àti Bàbá Sàlíù aládùúgbò wa. Mo kà á, ìlà mọ́kànlá ni. Àwọ̀ búlọ́ọ̀kù náà kò dọ́gba, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó wọlé fún Bàbá Sàlíù kí ó tó parí rẹ̀. Mo rí i pé Ìyá kò sá ata sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà òfì tí Bàbá ti ń hunṣọ mọ́, pé ẹní ata ti dé iwájú ilé létí títì, nínú eruku. Mo rí i pé àwọn adìyẹ kì í kúrò lábẹ́ àtíbàbà títí di ọ̀sán. Mo rí i pé òwú tí ẹ fi sítáàṣì sí, tí ẹ fi kọ́ ibẹ̀ láàárọ̀, ṣì tutù nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àìlà lọ́sàn-án. Mo rí gbogbo wọn. N kò so wọ́n pọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ọdún, Bàbá lọ kírun Alásárì. Fọ́nrán aṣọ ẹtù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán wà ní kíká lórí àpótí, èyí tí Àlájì kan fẹ́ fi rán agbádá fún ìgbéyàwó yìgì ọmọ rẹ̀. Mo tú u wò nítorí pé ó wù mí. N kò tíì rí ẹtù tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ìgbà náà ni mo rí òwú kan tó já tí a kò so. Mo tún rí òmíràn. Òwú pupa wà nínú àpò mi, mo wé e mọ́ igi ìṣáná kan bí a ti máa ń ṣe níbí. Ọwọ́ mi ti so àkọ́kọ́ kí ọkàn mi tó sọ ohunkóhun. Mo so mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé ọ̀gá ń dúró dè é. Lọ́kàn mi, ìrànlọ́wọ́ ni: Bàbá á dé, wọ́n á rí àmì, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó gán fọ́nrán mọ́ fọ́nrán. Mo wí fún Ìyá pé ibi tí mo so òwú sí ni kò dára, mo sì bá ọ̀nà Ọjà-Ọba lọ láti kí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀yin lẹ mọ bó ti rí nígbà tí n kò sí ńlé. Àlájì dé kí Bàbá tó ti mọ́sáláṣí bọ̀. Ó gbé aṣọ náà, ó bi Ìyá pé ṣé aṣọ Bàbá Jímọ̀ ti ń so èso báyìí ni. Ìyá, inú yín dùn sí mi, ẹ wí fún un pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní Kàdúná nìyẹn, pé ọmọ yín ló fi ojú òyìnbó wò ó. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Bàbá dé, Àlájì ní òun kò ní bá wọn jà rárá, ọmọ wọn ló dájọ́, òun kàn gba ìdájọ́ ni. Ó yọ ṣílè méjìlá nínú owó iṣẹ́. Mo wọlé bí ó ti ń jáde. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú mi pọ̀.

Bàbá, ẹ kò bá mi wí. Ẹ kàn wò mí, ẹ ní wọ́n kọ́ mi dáadáa. Ìbá sàn kí ẹ da ẹgba bò mí.

Kí n tó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà-Ọba. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín pè mí láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ọmọ Kàdúná, ra awò ojú fún bàbá rẹ, tàbí kí o fi òwú pupa so ojú wọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nísinsìnyí Àwáwù ti kọ̀wé sí mi. Ó ní Bàbá kò jókòó sí ìdí òfì mọ́ láti ìgbà náà. Ó ní ẹ ti sọ fún àwọn oníbàárà pé ojú yín ti lọ, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ẹnì kan ń bọ̀ láti Gáráàjì Ọ̀fà wá ra òfì náà, igi rẹ̀ àti gbogbo ohun èlò rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èmi ni mo fi òwú pupa kọ ọ́ síta pé ojú yín ti lọ, ẹ̀yin náà sì gbà á gbọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé. Bàbá àgbà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa, Málàmù Yákúbù, ẹni tó kọ́ mi ní wíwò. Láti bí oṣù méjì ni àléébù ti ń kọjá lójú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó fi tábìlì sílẹ̀ kí ó lọ máa gbálẹ̀. Òun náà kò jiyàn, ó ní ọjọ́ orí ti dé. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jókòó sí tábìlì náà, ọmọ ogún ọdún, òun náà kò sì rí nǹkan kan. Ìgbà náà ni wọ́n ṣí gíláàsì. Gílóòbù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kú, ó kàn ti dúdú díẹ̀díẹ̀ ni, lójoojúmọ́, débi pé kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tó ṣókùnkùn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, Málàmù Yákúbù rí àléébù méjì tí èmi fò lórí tábìlì tèmi. Ó ní kí wọ́n yára gbé èmi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ni mo sì rántí. Mo yọ ìwé kékeré mi, mo wá ojú ewé tí mo kọ ti ẹtù yín sí.

Ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń fi ẹfun kan etí aṣọ. Àmì kan bí ẹ bá fẹ́ dìde lọ kírun Àìlà, àmì méjì bí ẹ bá parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ lè mọ̀ bí ọmọdé bá ti fọwọ́ kan òfì lẹ́yìn yín. Mo kọ àwọn àmì náà sílẹ̀ pẹ̀lú àléébù, nítorí pé ohun tí mo bá rí ni mo máa ń kọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi hun fọ́nrán náà. Ọjọ́ kìíní, mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ṣáájú Àìlà. Ọjọ́ kejì, mẹ́ta, ṣáájú Àìlà. Ọjọ́ kẹta, mẹ́ta, ṣáájú Àìlà. Ọjọ́ kẹrin, mẹ́ta ṣáájú Àìlà, ẹyọ kan lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́tàlá láàárọ̀, ẹyọ kan péré lọ́sàn-án. Ẹyọ kan náà kò jẹ́ nǹkan, ẹ̀rọ níbí ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú wo ló ń fọ́ láàárọ̀ tó ń là lọ́sàn-án? Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, ọ̀sán ni ìbá le jù, nígbà tó ti rẹ̀ yín. Ògiri Bàbá Sàlíù ni, Bàbá. Ìhà ìlà oòrùn ni ó wà. Òjìji rẹ̀ ló bo òfì yín láàárọ̀ títí oòrùn fi gun òkè, ẹtù dúdú sì lẹ ń hun, òwú dúdú nínú òjìji. Ẹ kò mọ̀ nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ògiri náà dìde, ojú yín sì ń bá a mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí adìyẹ fi ń sinmi níbẹ̀, tí òwú kò fi tètè gbẹ. Ìyá ti mọ̀ pé kò sí oòrùn níbẹ̀ mọ́, wọ́n kàn gbé ẹní ata wọn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. N kò dá Bàbá Sàlíù lẹ́bi. Ilẹ̀ rẹ̀ ló kọ́ ọ sí, ó sì fi òótọ́ inú kọ́ ọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Ọkùnrin méjì lè hú igi òfì láàrin wákàtí kan. Ibi tí ẹní ata wà ni kí ẹ gbé e lọ. Mo mọ̀ pé Ìyá á ní ṣé ibi gbogbo tí òun bá lọ ni òfì á máa tẹ̀lé òun. Ìyá mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí ata lọ sórí páànù òrùlé.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ṣe é, torí mo ti ṣì yín wò rí. Kí Àwáwù mú abẹ́rẹ́ kan àti òwú aró kan. Láàárọ̀, kí oòrùn tó ga, kí Bàbá fi òwú náà wọ abẹ́rẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, òwú kan náà, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ létí ẹní ata. Bí òwú bá wọlé níbi ata, kí ẹ dá ẹni tó ń bọ̀ láti Gáráàjì Ọ̀fà padà. Bí kò bá wọlé, mo ti bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù ojú níbí, èmi fúnra mi á wá mú yín.

Ṣílè mẹ́jọ wà nínú àpò lẹ́tà yìí nínú méjìlá tí mo mú yín pàdánù. Ó ku mẹ́rin. Mo fi owó wáyà, èyí tí Àwáwù máa fi tẹ èsì ránṣẹ́ sí mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kún un lọ́tọ̀. Ẹ má ná an sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe, ẹ bá mi kí Bàbá Sàlíù náà. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fi Bàbá rẹ́rìn-ín ní Ọjà-Ọba pé ọmọ tó so òwú náà ní òun ni òun kò ríran. Ọlọ́run Ọba á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè wa ní ìlera.

Àwáwù, iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó lórí wáyà. Má kí mi, má béèrè àlàáfíà mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni kí o kọ: ó wọlé. Tàbí mẹ́ta: òwú kò wọlé. Mò ń retí rẹ̀ kí Jímọ́ọ̀ tó dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Jímọ̀