Páìpù Tí Yóò Gba Ọgbà Mi

Olóòtú ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti pa orúkọ gbogbo wa dà.

Àwa ará òpópónà wa, lẹ́yìn ìlú Cluj ní Romania, la dáwó ri páìpù omi àti ti ẹ̀gbin. Costin, tó ń kọ́lé lẹ́yìnkùlé mi, fẹ́ so ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Ọgbà mi nìkan ló lè gbà, nítorí náà ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà.

Viorica aládùúgbò mi fárígá: "Màmá Tíṣà, kó san iye tí kálukú wa san! Àbí òjò ló rọ páìpù sílẹ̀ fún wa?"

Costin ní: "Màmá, bí mo bá san owó yẹn, ilé ò ní lórùlé nìyẹn o! Ìyàwó mi sì ti fẹ́ bímọ."

Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà, n kò tíì fún Costin. Viorica ló ń tọ́jú mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?