Bàbá Inú Ìwé Mi

Àìkú, 2 Agẹmọ
Wọ́n jíròrò lórí ìwé ìtàn mi ní ilé-ìkàwé ìlú lónìí. Òjò ò dá, síbẹ̀ àga kún. Kurian, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun sunkún níbi tí bàbá ti Dubai dé, tí ọmọ ẹ̀ ń bi ìyá pé ìgbà wo ni àlejò yìí máa lọ. Orí mi wú. Ni Ramla bá dìde — ọkọ tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kuwait. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ dáadáa o. Ṣùgbọ́n ìyà ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ló bi bàbá léèrè ohun tójú ẹ̀ rí?"


Ajé, 3 Agẹmọ
Prasannan pè, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ adájọ́. Wọ́n ń fi ìwé náà bú u níbi iṣẹ́ ní ìlú Kochi. Mo ní ìtàn lásán ni. Ó ní, "Ta lò ń tàn? Ta ni ò mọ̀ pé Dubai ni bàbá tiwa náà ti darúgbó?" Ó gé fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 6 Agẹmọ
Aládùúgbò kan ò dá mi lóhùn lójú ọ̀nà. Òmíràn gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wá fún mi. Ìwé kan náà.

Àbámẹ́ta, 8 Agẹmọ
Ojú Bàbá ti di bàìbàì, Ìyá ló ń ka ìwé náà sí i létí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín.

Ìṣẹ́gun, 11 Agẹmọ
Wọ́n ti kà á tán. Bàbá jẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja, ó ní iyọ̀ pọ̀.

Ọjọ́rú, 12 Agẹmọ
Ìyá ń ṣa ìrẹsì, Bàbá pè mí jókòó.
"O kọ ọ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá yẹn ń sùn torí ilé ò wù ú."
"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."
"Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fi máa wálé, mi ò ní rántí apá ibi tí ìyá ẹ ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ojú ń tì mí láti bi í."
Ọwọ́ Ìyá dúró nínú ìrẹsì. Ó ní, "Apá ògiri ni. Èmi rò pé mi ò wù yín mọ́ ni."
Mo ní tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, màá fi kún un. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́."
Ó fa àwo ìrẹsì náà mọ́ra, òun náà ń ṣà á. Ìrẹsì ló ń jù nù, òkúta ló ń fi sílẹ̀. Ìyá ń wò ó, kò dá a dúró.