Mísbáù, Àmínátù Ti Dé Lòròpéní

Mísbáù Àdìgún, àbúrò wa, ọmọ ìyá wa, oṣù kejì ọdún tún dé. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní Akra, eruku rẹ̀ ṣì wà lórí gbogbo ewé. Irú àkókò yìí lo jáde nílé lọ́dún 2012, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo léjìká, o ní ọjọ́ kẹjọ lo ń bọ̀. Ọdún márùn-ún ti kọjá lórí ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ọdún márùn-ún gbáko!

Ayé kò dúró dè ọ́. Raqeebah àkọ́bí rẹ ti wọlé ọkọ, Tẹ́mà ló ń gbé. Àsmá'ù tí o fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlá ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ilé ìwé girama ló wà, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ṣọ́ọ̀bù Adabraka kò tì. Abẹ́rẹ́ máṣínnì, bọ́bìnì, bẹ́líìtì, Àmínátù ìyàwó rẹ ló ń tà wọ́n. Àwọn aránṣọ tí wọn kì í fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ àfi ìwọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè báyìí bí bẹ́líìtì máṣínnì wọn bá já. Ilé tí o kọ́ dé ojú wíńdò ní Madina, lẹ́yìn ìlú Akra, Àmínátù ti kọ́ ọ parí. Ó kàn án ní páànù, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó kó kúrò ní àdúgbò yín àtijọ́ ní Mamobi lọ́dún tó kọjá.

Ilé náà dára, Mísbáù. Yàrá mẹ́rin, obìnrin kan ṣoṣo.

Ní Mamobi, bí èèyàn bá húkọ́ nínú yàrá, ará ojúlé kẹta á ní pẹ̀lẹ́. Ní Madina, géètì ni. Bí Àmínátù bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò trotro, tó ti géètì mọ́ra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó sọ fún wa pé nígbà míì òun á kí ilé náà ní sàlámù bí òun bá ti wọlé, òun á sì dá ara òun lóhùn.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́ dáadáa á ní ìrìn-àjò lo fẹ́ràn. Àwa tí a jọ jẹ nínú ìyà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé máa lọ, lọ́dún 1969, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni a gbé ọ lé títí dé Ṣakí. Ní Ṣakí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ń pè ọ́ ní ará Gáná. O dàgbà, o padà sí Akra tí wọ́n ti bí ọ, Akra ń pè ọ́ ní Aláta, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá, wọ́n ń bi ọ́ pé ìgbà wo lo ń lọ sílé. O kì í bá wọn jà. O kàn máa ń rẹ́rìn-ín, o máa ń ka abẹ́rẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwa mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Lọ́dún 1997 lo tẹ̀lé kíláàsì Raqeebah lọ wo odi ńlá etí òkun ní Ẹlimínà. Ibi ẹkún ni, ìwọ fúnra rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ kò jẹ́ kí o lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú wọn kiri ṣàlàyé pé odi náà wà nínú ìwé kan tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, pé kì í ṣe ti Gáná nìkan mọ́, pé ogún gbogbo ọmọ aráyé ni. Eré làwọn ọmọ ń ṣe. Ìwọ lo gbọ́. O délé, o ń tún un sọ pé ó ku ibì kan láyé tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kí o jáde kúrò níbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. O ní wàá rí gbogbo ibi tí wọ́n kọ sínú ìwé náà, tí ọkọ̀ ilẹ̀ bá ti lè dé ibẹ̀. Àwọn ilé àbáláyé àwọn Aṣántì lẹ́bàá Kùmásì, o lọ. Ààfin àwọn ọba Dàhòmì ní Àbọ́mè, o lọ. Àwọn ilé alámọ̀ tó ga bí ilé ìṣọ́ ní àríwá Tògò, o lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, o lọ, nígbà tí Mállàm Mùktárù tó ń ṣe ìmáàmù wa sì bi ọ́ pé kí ni Mùsùlùmí ń wá níbẹ̀, o ní igi lo lọ wò, igi náà sì wò ọ́. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ ńlá ní Jẹ́nẹ̀, ní ilẹ̀ Málì, o lọ.

Ní gbogbo ìgbà náà, Àmínátù ló ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí èéyi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àsmá'ù, Àbọ́mè lo wà. Àmínátù nìkan ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun nìkan ló sùn lórí bẹ́ǹṣì. Kò fẹjọ́ rẹ sùn wá. A rò pé kò dùn ún ni.

Lọ́dún yìí ló tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ tí o lọ. Ọdún márùn-ún ló fi gbé e mì! O ní Lòròpéní ló kàn, ògiri òkúta àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Bùkínà. O ti wọ bàtà, o ti gbé báàgì, o dúró lẹ́nu ọ̀nà Mamobi. Àmínátù dúró nídìí àwo tó ń fọ̀, ó ní, "Bàbá Raqeebah, gbogbo ayé ni tiyín. Àwa tí a wà nílé ńkọ́, ti ta ni wá?"

O ní, "Múra, ká jọ lọ."

Kò yíjú sí ọ. Ó ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ pé o ṣì dúró síbẹ̀, ó tó bí ìgbà tí èèyàn á ka Fátíhà, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ tó ń lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, nọ́ńbà rẹ pe fóònù rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ló jáde, ohùn Yorùbá, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní Àrówólò lorúkọ òun, òun ń ta abọ́ onítánganran ní ọjà ìlú Gáwà, ní ilẹ̀ Bùkínà. Ó ní àyà ló dì mọ́ ọ ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ọsibítù kò rí i ṣe, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ti wẹ̀ ọ́, wọ́n ti kírun sí ọ lára, wọ́n sì ti sin ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ̀sìn wa ṣe wí ni wọ́n ṣe, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé wa tó tàn káàkiri láti Akra dé Ṣakí, kò sí ẹnì kan tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí ọ.

Àmínátù ṣe opó rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, bí a bá ti ní ká jọ lọ kí sàréè rẹ, á ní ọjà pọ̀. Bí a bá tún sọ ọ́, á ní òun kò gbọ́ Faransé. Lọ́dún kẹta, a kò sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò ló gbé e dìde. Obìnrin kan ní Madina, tó rò pé òun ń báni kẹ́dùn, bi í léèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí, kí àwọn lè jọ máa lọ ṣàdúà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Àmínátù kàn ní, "Ó wà níbì kan." Ó wọlé, ó jókòó sórí àga, ọ̀rọ̀ tó sọ náà kò kúrò létí rẹ̀. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ibi tó jẹ́ tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò mọ ibi tó wà.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Raqeebah fẹ́ tẹ̀ lé e, ó kọ̀. Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ tẹ̀ lé e, ó kọ̀. Ó ní òun nìkan lẹni tí o sọ fún pé kó múra.

Mísbáù, obìnrin tí kò kọjá Kùmásì rí! Ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Wa ní àríwá Gáná, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Báàgì rẹ̀ wúwo lórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e lé àga náà, títí dé Wẹ́nkì tí ẹlòmíràn wọlé tó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn Wa, igi èmì tí wọ́n fi ń ṣe òrí ló kù lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀run jìnnà. Ní ẹnubodè Hàmílè, àwọn aṣọ́bodè yí ìwé ìrìnnà rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n ń bi í ní ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Háúsá tó kọ́ ní Mamobi ló gbà á sílẹ̀. Awakọ̀ kan gbọ́ ọ, ó sì bá a ṣe ògbufọ̀. Ó dé Gáwà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó béèrè Yorùbá oníabọ́ lọ́jà, wọ́n mú un lọ bá Bàbá Àrówólò.

Bàbá náà ti darúgbó. Òun ló mú un dé ìdí sàréè rẹ, lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ń sin òkú wọn sí. Òkúta pupa méjì ni, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan ti gbá ibẹ̀. Àmínátù jókòó sílẹ̀, ó ka Yàásínì, ó kà á tán, kò dìde. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò látẹ̀yìn wá, kò rántí ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi Bàbá Àrówólò bóyá o sọ̀rọ̀ kan nípa òun kí o tó kú.

Bàbá náà ronú. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo lè purọ́ fún ẹ kí ọkàn ẹ lè balẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Omi ló tọrọ, ó ka kálímà, ó parí."

Àmínátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún wa pé òun kò mọ ìdí tí àyà òun fi fúyẹ́. Bóyá torí pé irọ́ náà ni òun ti ń bẹ̀rù láti ọ̀nà wá. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí o ṣe rí Lòròpéní sí. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé o kò dé ibẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ ni àìsàn ti mú ọ, o ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé ọ lọ. Ó béèrè bó ṣe jìnnà tó. Bàbá ní kò tó wákàtí kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àrówólò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Àmínátù wọlé fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ tẹ́ ìwé àwọn àlejò síwájú rẹ̀. Àmínátù mú bírò. Ó kọ Mísbáù Àdìgún sórí ìlà kan, ó kọ Àmínátù Àdìgún sí abẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kó kọ orílẹ̀-èdè sí, ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ Mamobi.

Ọkùnrin náà ka orúkọ méjì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí èèyàn kan. Ó gbọ́ Háúsá díẹ̀. Ó béèrè ibi tí èkejì wà.

Àmínátù ní, "Ó ti ṣíwájú mi."

Gbọ́ bó ṣe rí, Mísbáù. Ògiri ni, òkúta pupa tí wọ́n tò léra, ó ga tó èèyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká. Ó yí ilẹ̀ gbalasa kan ká. Igi ti hù láàárín rẹ̀, gbòǹgbò wọn gba inú òkúta kọjá. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí òrùlé, kò sí ìró. Wọ́n ní àwọn oníwúrà ayé àtijọ́ ló gbé ibẹ̀, pé wọ́n ti kó lọ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Inú kọ́kọ́ bí Àmínátù pé ògiri lásán lo torí rẹ̀ fi òun sílẹ̀. Ó ń rìn yí i ká, ó ń bá ọ jà láìlanu. Nígbà tó dé igun kejì, ó gbé ọwọ́ lé òkúta náà. Oòrùn ti mú un gbóná bí ara èèyàn. Ó fi iwájú orí tì í, ó sì sunkún tó yẹ kó sun ní Mamobi lọ́dún 2012. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́, kò sẹ́ni tó ní kó jáde.

Ó ti padà sí Madina. A bi í bóyá yóò parí ìyókù fún ọ, àwọn tó wà ní Sẹ̀nẹ̀gà àti níbòmíràn. Ó ní rárá, pé ọ̀kan yẹn tó òun. Adabraka ló ń lọ láràárọ̀, ilé òfìfo ló ń bọ̀ sí.

Ohun tó wá ń dùn ún jù kò ní oògùn. Àwọn ọmọ rẹ gbọ́ ìtàn náà, wọ́n ní Allāhu á san án fún un, wọ́n sì padà sídìí fóònù wọn. Àwa náà gbọ́, ṣùgbọ́n àgbà ni wá, a sùn lọ kó tó dé Hàmílè, ọjọ́ kejì la tó gbọ́ ìyókù. Ẹni tí ìbá bi í léèrè bí òkúta náà ṣe fẹ̀ tó, irú igi tó wà níbẹ̀, ẹni tí ìbá ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nílé.

Ìdí nìyí tí a fi kó gbogbo rẹ̀ jọ ránṣẹ́ sí ọ, Mísbáù, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí Allāhu fẹ sàréè rẹ. Àmínátù tìrẹ ṣì ni, àwa náà tìrẹ ni wá, àárò rẹ kò sì dín lára ẹnì kan nínú wa.