Jíà Tí Kò Bèèrè Ọwọ́ Mi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mú bírò lọ́wọ́ gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu, ká má tíì sọ ti orí ìwé. Mo ti kọ orúkọ tí ẹ máa ń pè mí sí ìsàlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ lókè, torí mo mọ ara mi, mi ò kì í parí lẹ́tà. Bí wọ́n bá pè mí lójijì, ẹ ó ṣáà mọ ẹni tó kọ ọ́.

Mo ti lọ́kọ. Oṣù mẹ́ta rèé. Àwọn àgbà ọmọ Ṣakí tó wà ní Banjul ló dúró bíi bàbá fún mi nígbà tí wọ́n so yìgì wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ojú mi ń wá. Ọmọ Ọ̀fà ni ọkọ mi. Mẹkáníìkì ni, ọ̀dọ̀ Pa Sámì ló ti kọ́ṣẹ́, bàbá Aku tó máa ń tún mọ́tò yín ṣe ní New Town, tó máa ń ní ọmọ Yorùbá làwọn Aku náà tẹ́lẹ̀. Kì í pariwo. Kó tó jẹun, á fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, á tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, síbẹ̀ dòmódà, ọbẹ̀ ẹ̀pà tí mo bá sè, máa ń rùn bíi gáréèjì díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yín ni mo bá wá.

Kí ẹ tó lọ ló ti wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì. Adìẹ Màámi yé ẹyin sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màámi ní tèmi ni, pé ẹ wí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kú. Nígbà tí ọkọ mi wá tọrọ mi, mọ́tò náà ló kọ́kọ́ wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò ló wá rà, èmi ni wọ́n fi ṣe ènì. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó gbé èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, ó sì gé bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè gbà á. Bó bá ń dún, àwọn ọ̀dọ́ New Town á jáde sẹ́nu ọ̀nà. "Gayndé" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kìnnìún lẹ́nu àwọn Wolof. Ẹ ò ní dá a mọ̀, mọ́tò yín tó máa ń rìn bí àgbàlagbà tó ń lọ kírun.

Ṣùgbọ́n jíà àtijọ́ ò lè gbé agbára ẹ́ńjìnnì tuntun. Lọ́nà Brikama ni eyín rẹ̀ kán, okùn la fi fà á wálé. Ọkọ mi bá rí jíà ọtomátíìkì kan lára mọ́tò àwọn ará Japan tó forí sọ igi. Ó ní kò ní kílọ́ọ̀ṣì, pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ yí i, fúnra rẹ̀ ló ń yí ara rẹ̀. Ó tún ní jíà ìkẹyìn kan tí wọ́n ń pè ní ofadíráìfù. Bí ọ̀nà bá gùn, tí mọ́tò bá ti ń sáré dáadáa, ẹ́ńjìnnì á rọra dín ariwo rẹ̀ kù, á máa sinmi, eré mọ́tò ò sì ní dín. Ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń ròyìn àlùjáńnà.

Àmọ́ ó tóbi. Kó tó lè wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ gé irin ilẹ̀ mọ́tò láàárín ìjókòó méjèèjì níwájú, níbi tí ọ̀pá jíà wà. Ọkọ mi ní mọ́tò bàbá mi ni, òun ò ní fi ayùn kàn án láìjẹ́ pé mo ní kí òun gé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò dá a lóhùn. Ó rò pé mò ń bínú.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé ibẹ̀ ni ọwọ́ mi wà?

Ẹ rántí ọdún tí ọwọ́ òsì yín rọ, lẹ́yìn àìsàn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Apá ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò yín wà, bíi ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì ló ń yí jíà rẹ̀, ẹ ò sì lè di ọ̀pá jíà mú mọ́. Ẹ gbé mi jókòó sápá òsì yín, ẹ ní kí n fi ọwọ́ lé e. Ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fi ahọ́n ta "tọ́", èmi á sì yí i. Níbẹ̀rẹ̀, jíà á máa ké bí ewúrẹ́, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ ò ta ahọ́n mọ́. Mo kàn ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo ń wo orúnkún yín. A ó dé Serekunda, a ó dé Brikama, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Barra, a ò sì ní sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Bí àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín bá béèrè pé ta ni mí, ẹ ó ní, "Ọwọ́ òsì mi nìyí."

Orúkọ yẹn ló dé etí àwọn ẹgbẹ́ mi nílé kéú. Ẹ mọ ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì ṣe. Wọ́n á dimú bí mo bá ń bọ̀. "Ọwọ́ òsì, ṣé o ti ṣan omi?" "Ẹ má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o, ọwọ́ ìdí ni!" Bí wọ́n bá gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń jẹ, wọ́n á tì mí sẹ́yìn. Mi ò sọ fún yín. Mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní mi ò bá yín lọ mọ́. Ẹ ní, "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ wá ọwọ́ mìíràn."

Ojú yín ni mo ti sọ ọ́. Ọmọ ọdún méjìlá. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ fi tapólì bo mọ́tò. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń tẹ̀ lé alábàárù lọ sí etí omi pẹ̀lú ìdì aṣọ, tí ẹ ń fún ara yín mọ́ inú bọ́ọ̀sì Kombo. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ lọ. Gbogbo ènìyàn ní ọkàn yín ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, èmi ni mo fi yín sílẹ̀ láìlọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ kẹrin pé kó gé e. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ibẹ̀ kúrò lójú mi ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ jíà àtijọ́, Pa Sámì wá ràn án lọ́wọ́. Mo gbé wọ́ńjọ̀ fún wọn, omi ewé pupa tí wọ́n ń pè ní sóbò nílé. Ọkọ mi ti bu òróró jíà tuntun sínú ìgò kan nítòsí, pupa rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti wọ́ńjọ̀. Pa Sámì fi èdè Aku rẹ̀ kígbe pé, "Ìyàwó, èwo ni tèmi níbẹ̀? Bí mo bá mu ti mọ́tò, ta ni yóò máa yí jíà inú mi?" A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá fọwọ́ gbá jíà àtijọ́ tó wà nílẹ̀, ó ní, "Bàbá ẹ mọ eléyìí í yí o! Bí o bá wà nílé kéú, òun nìkan á wà á wá bá mi, á fi ọwọ́ òsì yí i, kò ní dún kín-ín."

Mo ní, "Ọwọ́ òsì wo, Pa? Ṣebí ó rọ."

"Ó rọ kẹ̀! Kò tó ọdún kan tó fi yá. Mo bi í pé kí ló dé tó ṣì ń gbé ọmọ kékeré kiri kó máa bá a yí jíà. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre, pé ibẹ̀ nìkan ni ọmọ yẹn ti ń bá òun sọ̀rọ̀."

Bàbá.

Wọ́n ti gé ilẹ̀ mọ́tò nígbà yẹn. Mo ń wo iyanrìn láti inú ihò náà. Omi bọ́ lójú mi, ọkọ mi ní èéfín irin ni. Mi ò jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ahọ́n tí ẹ máa ń ta dórí abọ́ oúnjẹ ilé kéú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ wà á." Èmi! Èmi tí mo ń kí àlejò tí ohùn mi kì í jáde.

Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ó ti yá? Tó bá ti yá, kí ló dé tí ẹ ò wa mọ́tò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn? Ṣé ẹ̀ ń dúró dè mí ni? Fún odidi ọdún mẹ́ta? Bí mo bá jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo lọ jókòó sápá òsì láìwí nǹkan kan, ṣé ẹ̀ bá ti ká tapólì yẹn kúrò? Mi ò bínú pé ẹ tàn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àyè yẹn wà, mi ò sì mọ̀.

Wọ́n parí rẹ̀ lónìí. Wọ́n gé ọ̀pá gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn kúrú, wọ́n tún un jó pọ̀. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ibi tí bàtà yín ti jẹ ẹ́ ṣì ń dán, mo fi í sínú àpótí aṣọ mi. Pa Sámì ti wà á dé títì ńlá, ó ní ẹ́ńjìnnì ń sinmi bí wọ́n ṣe wí gan-an. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí mo bá mọ̀ ọ́n wà, èmi ni yóò máa kó aṣọ Màámi láti Albert Market lọ sí Brikama, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Mo ti wọ bàtà mi. Ìlẹ̀kùn ṣí, mò ń gbọ́ Gayndé níta. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ bá mi jókòó sápá òsì lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan, ẹ kàn jókòó. Ọkọ mi ti ń pè, "Aya mi, ẹ́ńjìnnì ti gbóná o! Àbí kí n wá pọ̀n ọ́ ni?" Mò ń bọ̀. Ohun kan péré ló kù, Bàbá. Bí mo bá jókòó sí àyè yín, tí jíà sì ń yí ara rẹ̀, kí ni kí n máa fi ọwọ́ òsì mi

Èmi ni,
Ọwọ́ òsì yín.