Nítorí Físà Dókítà Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ yín níbẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ bàbá yín ti ń san. Egbò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ mọ́, wọ́n sì ti ń dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìfọwọ́ kọ́ mi léjìká.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló bí lẹ́tà yìí. Ṣé o rántí dókítà tó ti òkè òkun wá sí ilé ìwòsàn wa, èyí tó ń sọ èdè wa bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà? Òun ló kọ̀ tí kò gé ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bàbá yín, tó ń fọ egbò bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ pé Físà dókítà máa kú kí oṣù yìí tó parí. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ́ Físà, torí mi ò gbọ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀ rí. Nígbà tó kàn wá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó mọ́kàn le, pé a kì í sọ̀rètí nù lórí aláìsàn, mo sì bi í bóyá Físà ṣì ń jẹun. Ó wo bàbá yín, bàbá yín gbójú sókè wo àjà. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà ò dá.

Ó ṣàlàyé pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni físà, tó sì jẹ́ pé ibí ni wọ́n ti máa ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti yí òfin náà padà. Dókítà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ padà sílé, kó tún ìdánwò ṣe, kó máa retí títí wọn yóò fi pè é. Mo ní ìdánwò wo ni, ṣé ẹsẹ̀ bàbá yín ò tó máàkì ni.

Nọ́ọ̀sì ní àwa ará ìlú lè bá a bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ni mo bá lọ bá obìnrin oníkọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀mù béèrè ohun tí mo jẹ́ sí dókítà, mo ní kó kọ ìyá. Ó ní irọ́ nìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́ nígbà náà pé èmi ni télọ̀ tó ń rán aṣọ funfun rẹ̀ tó bá ya. Ó ní ó ku ká gbé fọ́tò dókítà tí mo mú wá sókè. Mo gun àga, mo gbé e sókè títí apá fi ń ro mí, kó tó sọ pé ẹ̀rọ ló máa gbé e.

Èsì dé lánàá. Wọn ò gbà.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Dókítà fi fọ́tò ìyá rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, obìnrin arúgbó tó ń wo iwájú bí ẹni tí ń retí àlejò. Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá pè é, ìgbà tí òun máa wálé ló ń béèrè. Láti ìgbà náà ni àdúrà mi ti ń kọsẹ̀. Bí mo bá ní kí Ọlọ́run dá a dúró fún wa, obìnrin kan wà tó ń ní kí Ọlọ́run dá a padà fún òun, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí tèmi.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de yín láti gba ìwé ìrìnnà tó máa fi padà sílé. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo ń lu òǹtẹ̀, pé ojú fèrèsé lo jókòó sí tí o ń gba ìwé. Mi ò ní kí o ṣe ohun tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wàá dá a mọ̀: ó ga, ó sì máa ń tẹrí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ lórí ìlà. Sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ fún un.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó òwú àti báńdéèjì ránṣẹ́, torí èmi ni dókítà kọ́ ní fífọ egbò. Bàbá yín ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ mi le ju ti dókítà lọ.

Ibikíbi tí o bá ti di àlejò, wàá rí ẹni tí yóò fún ọ níjókòó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.