Àtàǹpàkò Lórí Ihò Púlọ́ọ̀gì

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́.

Ráfátù ọmọ ọmọ mi bí ọkùnrin ní Ìfọ́n. Múníírù àbúrò rẹ̀ gbéyàwó ní Ẹ̀rìn. Alihamudulilai. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, pikọ́ọ̀pù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni yóò kó iṣu wa lọ.

Mẹkáníìkì onígbéraga yẹn ti dísítíríbútọ̀ tuntun, èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, bọ̀ ọ́ lónìí. Ó sítáàtì ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yìnbọn láti ẹnu kàbúrétọ̀ bí ọdẹ.

"Alájà, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ tà á fún àwọn onírin."

Mo ní, "Ṣé o fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ kó o tó tì í bọ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Alájà, àmì ara ẹ́ńjìnnì ti bára mu."

Àmì wo? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnnì ń yí dé ibi àmì kó tó taná sí púlọ́ọ̀gì kan. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ti ọwọ́ ẹni kúrò nìkan ni òótọ́. Gáná ni ọkọ mi ti kọ́ mi. Ọmọ yìí láṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà.

Mo fi àtàǹpàkò ara mi dí ihò náà, mo ní kó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tì mí, mo ní, "Ó yá, yọ dísítíríbútọ̀ yẹn, kó o tún un tì bọ̀ ọ́." Ó sítáàtì ọkọ̀, ó rọra ń yí dísítíríbútọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ìró ẹ́ńjìnnì fi tẹ́jú.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá la ṣàdéhùn. Ọwọ́ tèmi ló dọ̀tí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mò ń fi ránṣẹ́ sí i.